Ìyípo Mẹ́fà Tí Mo Fi Gbẹ̀san

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó máa sunkún síwájú yín, ẹ ṣí ojú ìwé tó kàn. Èmi ò wá sunkún. Mo wá jẹ́wọ́ ni.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà. Ilé-ìwé tí mo wà, ọmọ tó bá mọ eré é sá nìkan ni wọ́n ń gbà síbẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí, a ti wà lórí pápá. Aago mẹ́jọ, a ti wà ní kíláàsì, òógùn ò tíì gbẹ lára wa. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a tún ti padà sórí pápá. Tá a bá jẹun tán, ó di ìdí ìwé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó rọrùn, irọ́ ló ń pa. Ẹ ní kó wá sọ ọ́ lójú mi.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí kò gba ẹ̀bẹ̀. Kálukú wa ló ní káàdì. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tíṣà kọ̀ọ̀kan á fọwọ́ sí i pé o wá sí kíláàsì òun, pé o sì ṣe iṣẹ́ tí òun fún ẹ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo káàdì á dé orí tábìlì pírínsípà. Bí tíṣà kan bá kọ̀ láti fọwọ́ sí tìẹ, o ò ní sáré lọ́sẹ̀ yẹn, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ ló yá jù láyé.

Ẹsẹ̀ ni mo ní, mi ò ní orí ìwé. Wọ́n ń pè mí ní Aago, torí pé bí Kóòṣì bá ní kí n yí pápá ká ní ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlọ́gọ́rin, méjìdínlọ́gọ́rin náà ni màá fi dé, láì wo aago kankan. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé kẹ́mísírì síwájú mi, mo di òdè.

Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ni à ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Òun lè sáré, ó sì lè kàwé, irú wọn ò sì wọ́pọ̀. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, ẹ̀yìn sì ti ń dun bàbá náà débi pé kò lè gbé pákó mọ́. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì òkè, á máa ka kẹ́mísírì sókè ketekete kí n lè gbọ́, á máa fi ohùn oníwàásù kà á kí oorun má bàa gbé mi lọ. Èmi náà ni mò ń jí i ní ìdájí, èmi ni mò ń ṣáájú rẹ̀ lórí pápá.

"Ìwọ fún mi lórí, èmi fún ẹ lẹ́sẹ̀," bá a ṣe máa ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn.

Lọ́dún tá a máa jáde, yunifásítì kan kéde pé àwọn máa ṣe ìdíje ẹgbẹ̀rún márùn-ún mítà, àwọn á sì mú ọmọbìnrin kan ṣoṣo nínú ẹ̀. Á kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, á gbé lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kóòṣì tó mọ̀ ọ́n ṣe á máa kọ́ ọ. Ẹnì kan péré o. Àwa méjèèjì la ń fojú sí i, a kì í sì í sọ ọ́ jáde.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdíje náà wáyé ni Kóòṣì bá fi kún iṣẹ́ wa. Ara mi wó. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, mo sọ fún ara mi pé màá kàn fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ń kó máàtì sí. Nígbà tí mo máa lajú, kẹ́mísírì ti kọjá, gbogbo ilé-ìwé ti ń lọ jẹun.

Iṣẹ́ tó fún wa lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, mi ò ṣe é. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé káàdì lé orúnkún, mo wo ibi tí tíṣà náà fọwọ́ sí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìlà méjì àti ìkọ́ kan ni. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè yà á. Mo bá yà á.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" Ọ̀jọ̀gbọ́n ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?"

"Aago, má ṣe bẹ́ẹ̀. Dúró ná, ṣé o ò mọ̀ pé tíṣà yẹn..."

"Mi ò fẹ́ ìwàásù!" Mo fa ìrọ̀rí, mo fi bo etí mi méjèèjì. "O ò rí nǹkan kan. Ṣé o gbọ́? O ò rí nǹkan kan!"

Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì. Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ, mi ò sì fẹ́ gbọ́. Nígbà tó yá, ó mirí, ó jáde. Èmi náà dìde, mo lọ fi káàdì mi síbi tó yẹ kó wà.

Lọ́jọ́ Ajé, pírínsípà ránṣẹ́ pè mí. Káàdì mi nìkan ló wà níwájú wọn.

"Ta ló fọwọ́ sí èyí?"

"Tíṣà kẹ́mísírì ni, mà."

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Wọ́n kàn ń wò mí, wọn ò ṣẹ́jú. Ìgbà tí wọ́n ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, èmi náà bi wọ́n ní ìbéèrè.

"Ta ló sọ fún yín, mà?"

"Ìyẹn ò kàn ẹ́. Mo ti yọ orúkọ ẹ kúrò nínú ìdíje. Dúpẹ́ pé mi ò dá ẹ padà sílé lónìí."

Bí mo ṣe jáde níbẹ̀, mi ò mọ̀ pé mò ń rìn. Ọdún mẹ́ta tí mo fi ń jí ní ìdájí, ó lọ sínú igbó. Mo wọ yàrá, Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde.

"Mo ti gbọ́," ó ní. "Pẹ̀lẹ́."

O ti gbọ́? mo bi í nínú ọkàn mi. Èmi tí mò ń ti ọ́fíìsì bọ̀, tí mi ò tíì lanu bá ẹ̀dá alààyè kankan sọ̀rọ̀? Ta ló wá sọ fún ẹ?

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ẹnì kan ṣoṣo ló rí mi nígbà tí mo yàwòrán yẹn. Ẹni yẹn náà ni ọ̀nà wá là fún báyìí. Wọ́n ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ikú ilé tèmi ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè.

"O ṣeun," mo dá a lóhùn. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i.

Lọ́jọ́ yẹn, ó tún ka kẹ́mísírì sókè fún mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀, mò ń ro bí mo ṣe máa ba tiẹ̀ náà jẹ́. Ṣé kí n fa ìwé rẹ̀ ya ni? Ó ti kọ́ gbogbo ẹ̀ sórí. Ṣé kí n gé okùn bàtà rẹ̀? Ìyẹn kéré. Kì í ṣe kó má sáré ni mò ń fẹ́. Mo fẹ́ kó sáré, kí gbogbo ayé máa wò ó, kó sì já kulẹ̀ lójú wọn.

Ọjọ́ márùn-ún sí ìdíje, Kóòṣì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.

"Pírínsípà ti gbà kó o jẹ́ aṣíwájú," wọ́n ní.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Aṣíwájú kì í sáré láti gba ipò kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó wà níwájú fún ìyípo mélòó kan, kó máa sá a ní ìwọ̀n tí wọ́n bá sọ fún un, kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú. Tẹ̀ lé ẹ̀yìn mi, màá gbé ẹ débẹ̀: iṣẹ́ náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ìyípo mẹ́fà," Kóòṣì ń wí. "Àáyá méjìdínlọ́gọ́rin ni ìkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ní ẹ̀yìn ẹ nìkan lòun lè fọkàn tán."

"Ẹ̀yìn tèmi, sà?"

"Tìẹ. Ṣé wàá lè ṣe é?"

"Màá ṣe é, sà."

Ẹ gbà mí o! Mò ń wá idà, wọ́n fi èèkù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

Ohun tí kì í yé àwọn òǹwòran nìyí. Nínú eré tó gùn tó ìyípo méjìlá àtààbọ̀, àáyá mẹ́rin lórí ìyípo kan ò jọ nǹkan kan níbẹ̀rẹ̀. Ara á fúyẹ́, wàá máa rò pé ọjọ́ rere lo bá pàdé. Ó di bí ìyípo kẹjọ kí itan tó bẹ̀rẹ̀ sí í le, ìgbà yẹn sì rèé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, a jọ ń so okùn bàtà lórí bẹ́ńṣì kan náà.

"Mi ò ní wo aago kankan o," ó sọ fún mi. "Ẹ̀yìn ẹ ni mò ń wò. Tí mo bá fi lè wọ yunifásítì yẹn, ìwọ náà á wá lọ́dún tó ń bọ̀. Màá bá ẹ bẹ kóòṣì wọn."

"Àmín," mo ní.

Mo ní àmín! Ẹnu yìí náà ni.

Ìbọn dún. Mo bọ́ síwájú, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi, ó súnmọ́ mi débi pé mò ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo sá ìyípo àkọ́kọ́ ní mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ìkejì, mo sá a ní mẹ́tàléláàádọ́rin. Aago ńlá wà létí ìlà tá a ti ń kọjá, ṣùgbọ́n ó ti sọ pé òun ò ní wò ó, kò sì wò ó.

Kóòṣì fọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu. "Ẹ rọra! Ẹ rọra!"

"Aago," mo gbọ́ lẹ́yìn mi. "Ó fẹ́ yá jù."

"Méjìdínlọ́gọ́rin ni."

"Kóòṣì ní ká rọra."

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ni wọ́n ń bá wí. Tẹ̀ lé mi."

Ó tẹ̀ lé mi.

Nígbà tá a fi máa parí ìyípo kẹrin, àlàfo ńlá ti wà láàárín àwa méjèèjì àtàwọn tó kù. Àwọn èèyàn dìde lórí ìjókòó, wọ́n ń pariwo ìnagijẹ rẹ̀ bí ẹni pé ó ti gbà á tán. Mo sì gbádùn ẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mi ò ní purọ́ fún yín: mi ò tíì gbádùn eré kankan tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ṣe ń pariwo sí i, bẹ́ẹ̀ ni mò ń sọ nínú ọkàn mi pé ẹ máa pariwo, ẹ ṣì máa dákẹ́.

Ìyípo kẹfà pé, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kọjá lára mi, ó na àtàǹpàkò sí mi.

Mo fọwọ́ lé orúnkún, mò ń wò ó. Ìyípo kẹjọ, èjìká rẹ̀ ti gòkè dé etí. Ìkẹsàn-án, apá rẹ̀ ò lọ síwájú mọ́, ẹ̀gbẹ́ ló ń lọ. Ìkẹwàá, ọmọbìnrin kan ré e kọjá, àwọn méjì mìíràn tún tẹ̀ lé e, ariwo ti yí padà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ipò kẹrin ló ṣe. Bó ṣe kọjá ìlà báyìí ló fi orúnkún kanlẹ̀, tó ń bì.

Wọ́n fi àyè yunifásítì náà fún ọmọ ilé-ìwé mìíràn tí èmi ò mọ̀ rí.

"Ó parí," mo sọ fún ara mi. Ọkàn mi sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo mu omi, mo fọ ojú mi.

Kò ju wákàtí kan lọ tí Kóòṣì fi ní kí n wá sí yàrá tá a ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó da táwẹ́ẹ̀lì bo orí, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi tútù. Kóòṣì ò pariwo. Ká ní wọ́n pariwo ni, ì bá sàn fún mi. Wọ́n kàn na ìwé pélébé kan sí mi.

"Kà á sókè."

"Mẹ́rìnléláàádọ́rin. Mẹ́tàléláàádọ́rin. Mẹ́rìnléláàádọ́rin." Ohùn mi ti ń wọlẹ̀. "Mẹ́tàléláàádọ́rin..."

"Ó tó. Kí lo rí sọ?"

"Ara mi gbóná lónìí, sà. Mi ò mọ̀ pé..."

"Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ka ìyípo ẹ. O ò fi àáyá kan ṣìnà rí. Ẹlòmíràn lè ṣèèṣì, mo máa gbà. Ìwọ ò lè ṣèèṣì."

Ọwọ́ pálábá mi ségi. Ohun tí mo fi ń yangàn náà ló tú mi fó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí táwẹ́ẹ̀lì kúrò lórí. "O sọ pé méjìdínlọ́gọ́rin ni," ó ní, bí ẹni tí nǹkan ò tíì yé.

Bí mo ṣe gbiná nìyẹn. "Ẹ̀n-ẹ́n, mo purọ́! Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún ọ̀dàlẹ̀? Ta ló lọ tú mi fó lọ́dọ̀ pírínsípà? Ìwọ nìkan lo rí mi! O gba ipò mi, o tún wá ń sọ pẹ̀lẹ́ fún mi. Ṣíọ̀!"

Kóòṣì fa àga, wọ́n jókòó.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ẹnì kan tú ẹ fó?" wọ́n bi mí. "Tíṣà kẹ́mísírì ò wá sílé-ìwé lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Ìyàwó rẹ̀ bímọ lóròwúrọ̀ ọjọ́ náà. Káàdì mẹ́rìndínlógún ti kíláàsì yín ló dé orí tábìlì pírínsípà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ẹ̀, òfo ni àyè kẹ́mísírì. Tìẹ nìkan ni wọ́n fọwọ́ sí."

Ká ní mo lọ sí kíláàsì yẹn ni, tí mo kàn yọjú lásán, ǹ bá ti mọ̀ pé tíṣà ò wá.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ nìyẹn," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. "O fi ìrọ̀rí bo etí."

"Òun ló sì kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé kí wọ́n má bàa lé ẹ," Kóòṣì fi kún un. "Kí wọ́n tó pè ẹ́ wọlé ni. Òun náà ló bẹ̀bẹ̀ kó o ṣe aṣíwájú."

Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn? Kì í ṣe ìtìjú. Inú bí mi pé kò jẹ̀bi. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo ti ń se ẹ̀san yẹn lórí iná, ó sì dùn lẹ́nu mi, ọmọ yìí wá fi àìmọwọ́mẹsẹ̀ rẹ̀ dà á nù. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dìtẹ̀ mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́lọ́wọ́, tó dá yín lójú pé òun ni, ẹ kọ́kọ́ lọ bi í. Ẹ bi í lóòótọ́, kó tó di pé ẹ gbé ẹsẹ̀.

"Lọ kó ẹrù ẹ," Kóòṣì ní. "Òní lo máa lọ."

"Ẹ má lé e, sà."

Mo gbójú sókè. Mo rò pé ó tún ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwà ańgẹ́lì rẹ̀.

"Tẹ́ ẹ bá lé e," Ọ̀jọ̀gbọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ojú rẹ̀ sì gbẹ táútáú, "á lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Á sọ fún wọn níbẹ̀ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, wọ́n á sì máa nu omijé ẹ̀ nù fún un. Rárá o. Ẹ jẹ́ kó wà níbí. Nínú yàrá kan náà. Kó máa rí mi."

Kóòṣì wò ó pẹ́. Ó jọ pé àwọn náà ò mọ ọmọ yẹn tẹ́lẹ̀.

"Bó o ṣe fẹ́," wọ́n ní. Wọ́n gba ẹ̀wù eré lọ́wọ́ mi. Wọn ò jẹ́ kí n tẹ pápá mọ́.

Oṣù mẹ́fà ló kù ká tó parí. Oṣù mẹ́fà náà gbáko, ọmọ yẹn ò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan. Kò bú mi. Kò bá mi jà. Á jí fúnra ẹ̀, á lọ fọ aṣọ ẹ̀, á padà wá, á gun orí bẹ́ẹ̀dì òkè. Ó ṣì ń ka kẹ́mísírì, ṣùgbọ́n inú ló ń kà á sí báyìí. Mo kàn máa ń gbọ́ tó bá ṣí ìwé.

Èmi tí mo ti ń kígbe láti ọdún mẹ́ta pé eré ò jẹ́ kí n ráyè ìwé, mo wá ní gbogbo àyè tó wà láyé. Ìdájí, mo wà nílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, mo wà nílẹ̀. Mo gbé ìwé lé àyà, kò sí ohun tó wọlé.

"Bú mi!" mo pariwo lọ́jọ́ kan. "Gbá mi létí, kó tán!"

Ó ṣí ojú ìwé tó kàn.

Ó wá bí mi nínú débi pé mo tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀san tuntun. Mo máa ń pa ilẹ̀kùn dé gbàmù tó bá ń sùn. Mo máa ń pa iná tó bá ń kàwé. Á dìde, á tan iná, á tún jókòó. Kò wo ibi tí mo wà.

Wọ́n lẹ èsì ìdánwò mọ́ ògiri. Òun ló ṣe ipò kìíní nílé-ìwé. Yunifásítì mìíràn gbà á nítorí orí ẹ̀, kì í ṣe nítorí ẹsẹ̀, wọ́n ní kó wá kọ́ iṣẹ́ apòògùn. Èmi fìdí rẹmi nínú kẹ́mísírì, mo fìdí rẹmi nínú mẹ́ta mìíràn. Mo ka orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì bóyá ojú mi ni.

Nígbà tí mo dé yàrá, ó ń kó ẹrù sínú àpótí.

"Inú ẹ ti dùn báyìí, àbí?" mo ní. "O ti gbẹ̀san. Ó tó ẹ?"

Ó ti àpótí. Ó jókòó lé e kó lè pa dé. Lẹ́yìn náà ló wá gbé ojú sókè, ó bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìdíje.

"Oṣù kejì ni inú mi ti rọ̀," ó ní. "Látìgbà yẹn ni mo ti ń dúró dè ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mò ń retí."

Ó ń wo ẹnu mi.

Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ọdún méjì mọ̀ ọ́n. Ó gun ọ̀fun mi, ó dé ẹ̀yìn eyín. Ohun tó jáde ni:

"Bàtà eré ẹ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. O ti gbàgbé ẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wo bàtà náà pẹ́ díẹ̀.

"Mi ò gbàgbé ẹ̀," ó ní. "Mi ò ní lè sáré lẹ́yìn ẹnikẹ́ni mọ́."

Ó gbé àpótí ẹ̀, ó jáde. Ó wúwo. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń wọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn, ó ń sinmi ní gbogbo ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Àjà mẹ́ta ló máa sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró sínú yàrá, mò ń gbọ́ ọ títí dé ìsàlẹ̀, mi ò sì jáde lọ bá a gbé e.